Olújìmí Oníbátìrì àti Ásíìdì

Etí dídi ló ba ti Olújìmí jẹ́. Ó mọ bí a ṣe ń ṣàájì bátìrì ní Kétu, àmọ́ bí ènìyàn bá kìlọ̀ fún un, ẹ̀rín ni yóò fi dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń lò. Láti ara imí-ọjọ́ ni wọ́n ti ń ṣe ásíìdì inú bátìrì. Ó jọ omi lójú, ṣùgbọ́n ó ki bí òróró. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi ṣe ajílẹ̀ àti ọṣẹ ìfọṣọ, wọ́n sì ń fi ṣí ìpẹtà lára irin. Bí ògidì rẹ̀ bá kan omi, ooru ńlá ló ń mú jáde. Ìdí nìyí tí Rahmon, ọ̀gá tó kọ́ Olújìmí níṣẹ́, fi máa ń sọ pé, "Omi ni kó kọ́kọ́ wà nínú ike. Kí o wá máa rọra da ásíìdì sí i. Má da omi lé ásíìdì lórí láé."

Inú kọ̀nténà tí kò ní fèrèsé ni ṣọ́ọ̀bù Olújìmí wà. Nítorí olè, ó to àwọn ògbólógbòó bátìrì dí ẹnu ọ̀nà títí dé àyà. Àpótí ló ń gùn kọjá.

"Bọ̀ọ̀dá Jìmí," ni Sàfúrátù, tó ń ta piọ́wọ́tà, omi inú ọ̀rá, níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, wí, "ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sáré jáde ńkọ́?"

"Ta ló ń lé mi, Sàfú? Àbí ìwọ ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, awakọ̀ kan láti Magodo ń kán an lójú pé kó tètè po ásíìdì mọ́ omi fún bátìrì òun. Ògidì ásíìdì ti wà nínú ike nílẹ̀. Olújìmí rò pé òun yóò fi àkókò ṣòfò bí òun bá tún wá ike mìíràn. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ó dà á lé ásíìdì náà lórí.

Ṣààà! Ásíìdì hó, ó ta sí i lójú àti láyà. Ó sáré, ó forí sọ ògiri. Ó wá ẹnu ọ̀nà, bátìrì ló ń bá pàdé. Ó gùn wọ́n, wọ́n yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èéfín gbígbóná dí i lọ́fun.

"Sàfú! Mi ò ríran! Má lọ o!"

Sàfúrátù kò lè wọlé. Ó ń ju piọ́wọ́tà sí i láti òkè bátìrì. "Ẹ fi eyín ya á! Ẹ dà á sójú! Ẹ má fọwọ́ ra ojú!"

Olújìmí ń táràrà wá ọ̀rá omi nílẹ̀, ó ń ya á, ó ń dà á sójú, nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbé bátìrì kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Olújìmí kò tíì mọ̀ rí pé wíwúwo wọn lè dá ìrànlọ́wọ́ dúró tó bẹ́ẹ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n rí ojú ọ̀tún gbà là. Ti òsì fọ́ pátápátá.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin èèyàn mi: ìkìlọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í ṣe èébú. Ásíìdì ni kí ẹ máa rọra dà sínú omi. Ẹ má dí ọ̀nà tí ẹ ó gbà jáde. Bí ásíìdì bá ta síni lára, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó gbéra lọ sílé ìwòsàn. Bátìrì tó kú ṣeé pààrọ̀. Ojú kò ní sípéà.