Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Kamaldeen Tọrọ

Ó ti lé ní ogójì ọjọ́ tí wọ́n sin Kamaldeen nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí gbé láptọ́ọ̀pù ara rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Khàdíjàt, obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ìdíkọ̀ rélùwéè ní Ọ̀fà. Olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni bàbá náà. Ó yọ fláàṣì kékeré kan jáde nínú àpòòwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama kan sí lára.

"Fáìlì kan wà nínú rẹ̀," ó ní. "Bí mo bá ti fi í sí kọ̀ǹpútà báyìí, antífáírọ́ọ̀sì á pariwo pé fáírọ́ọ̀sì tó ń jí páásíwọ́ọ̀dù ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ."

Khàdíjàt fún un ní àga. Ó bi í léèrè ibi tí fáìlì náà ti wá, nítorí ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi gbogbo èèyàn nìyẹn.

"Kamaldeen ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú èsì ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà lè máa bá òun ro máàkì pọ̀ ni. Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, antífáírọ́ọ̀sì wọn mú un. Wọ́n ní ó fẹ́ fi jí páásíwọ́ọ̀dù àwọn olùkọ́ ni, kó lè yí máàkì padà. Wọ́n lé e."

"Níbo ló wá wà báyìí?"

"Ọ̀kadà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ọkọ̀ àjàgbé kan kọlù ú lọ́nà Ojoku."

Khàdíjàt gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ kú ìrọ́jú, Daddy. Ọlọ́run á tu ìyá rẹ̀ nínú."

"Àmín," ni Ọlátúnjí wí. "Ìyá rẹ̀ ni mò ń rò."

Khàdíjàt kò pa antífáírọ́ọ̀sì náà, kò sì kánjú tú fáìlì náà sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí antífáírọ́ọ̀sì bá rí ohun tí kò mọ ẹni tó ṣe é, ó lè fura sí i lásán, bí ajá ṣe ń gbó àlejò. Àmọ́ nígbà mìíràn, olè gidi ni àlejò ọ̀hún, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wádìí. Ó fi antífáírọ́ọ̀sì mẹ́rin mìíràn wò ó. Mẹ́ta nínú wọn ní kò sí nǹkan kan. Ó wá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń wo ohun tó ń ṣe. Máàkì ló ń rò pọ̀, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó ku ká fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe antífáírọ́ọ̀sì yìí gan-an," ó ní. "Bó bá jẹ́ àṣìṣe, wọ́n á kọ̀wé sí wa pé àṣìṣe ni. Kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ."

"Ọjọ́ mẹ́ta," ni Ọlátúnjí tún sọ. "Iye tí òun náà tọrọ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta péré, òun á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe antífáírọ́ọ̀sì náà."

"Wọn ò fún un?"

"Wọn ò fún un. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ."

Khàdíjàt mi orí. "Ọ̀gá tó lé e yẹn ò ṣèèyàn."

Ọlátúnjí ń wo ilẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún wá. Khàdíjàt sọ fún un pé òun á pè é lórí fóònù, bàbá náà ní kò burú, àmọ́ kò lọ. Orí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ló jókòó sí. Bí ọ̀kadà bá ti kọjá, á gbé orí sókè. Omi inú ọ̀rá tí Khàdíjàt fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò mu ún.

"Ǹjẹ́ wọ́n ṣì lè sọ pé fáírọ́ọ̀sì ni?" ó bi í lójijì.

"Ẹ má bẹ̀rù, Daddy. Mi ò rò pé wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀."

Ó tún kọjú sí títì.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni ímeèlì náà wọlé. Khàdíjàt kà á lẹ́ẹ̀kan sínú, ó wá túmọ̀ rẹ̀ sókè: "Wọ́n ní àwọn ti yẹ fáìlì náà wò. Kò sí fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Àṣìṣe àwọn ni, àwọn sì ti tún un ṣe." Ó yíjú sí i. "Ẹ dúpẹ́, Daddy. Orúkọ rẹ̀ ti mọ́."

Ọlátúnjí fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń sunkún. Khàdíjàt dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé.

Bàbá náà nu ojú rẹ̀. "Ṣé o lè bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá? Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ òyìnbó."

Khàdíjàt tẹ̀ ẹ́.

"Fi kún un pé Kamaldeen kò jalè."

Ó fi kún un. Ẹ̀dà méjì ló tẹ̀ jáde fún un. "Ẹ mú ìkejì lọ fún ọ̀gá yẹn," ó ní, "kó fojú ara rẹ̀ kà á."

"Á kà á," ni Ọlátúnjí wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá Kamaldeen ń yín àgbàdo níwájú ilé rẹ̀ ní Ojoku nígbà tí bàbá kan tí kò mọ̀ rí sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìyá náà kí i káàbọ̀, ó sì ń wá àga fún un nígbà tí Ọlátúnjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, ó na ìwé náà sí i, ó sì sọ fún un pé òun ni ọ̀gá tó lé ọmọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.