Ẹ Bi Ìyàwó Mi

Láti 1971 ni mo ti ń retí kí Horatio, ará àdúgbò wa ní Lafiaji, mú mi jáde.

Nírọ̀lẹ́ òní, ó mú mi wá sí ilé wáìnì ará Ítálì kan lẹ́bàá Màrínà.

Bàtà tí mo rà ní Balógun ń há mi lẹ́sẹ̀. Wáìnì náà korò, mò ń mu ún bí ẹni pé ó dùn.

Agbáwo bi í pé kí la fẹ́ jẹ.

"Ẹ bi ìyàwó mi," ló fi dá a lóhùn.

Orí mi wú.

Horatio bi mí bóyá mo lè fara da òtútù. Mo ní kò sí ohun tí mi ò lè fara dà.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀. Mo na ọwọ́ òsì mi sórí tábìlì de òrùka.

Fọ́tò ló mú jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi Herbert nìyí, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n rí fọ́tò ẹ, wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe alárinà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó èmi náà ni. Ṣé o máa gbà?"

Omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní èéfín àbẹ́là ni.

"Wọ́n jọ yín," ni mo sọ.

"Bí gbogbo èèyàn ṣe ń wí nìyẹn, ìyàwó mi."