Ìtẹríba tí Ẹkùn Bèèrè

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àgbò lórí, ó ta sí Òbúkọ nírùngbọ̀n.

Ẹkùn ló gba pápá lọ́wọ́ àwọn ẹran ilé. Wọ́n bá a jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Òbúkọ, olórí wọn, ti yọ́ lọ bá Ẹkùn sọ̀rọ̀ rí, ó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Ló bá ní, "Àgbò, ìwọ lakọni. Ìwọ ni kó o lọ."

Àgbò lọ, ó bọ̀, ó ń kọrin:

Mo gba pápá bọ̀ o,
*Téere jàǹjálá!*
Ó ku etí odò,
*Téere jàǹjálá!*
Ká tẹrí ba fẹ́kùn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́,
*Téere jàǹjálá!*

Òbúkọ gbọn irùngbọ̀n. "O ti tà wá! Orí tèmi ò ní tẹ̀ ba fún Ẹkùn láéláé!"

Àgbò ní, "Bàbá, àgbò tó bá tàdí mẹ́yìn, agbára ló fẹ́ mú wá. Ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀ ná. Ṣebí ẹ kúkú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibí ló máa já sí?"

Ọ̀rọ̀ dìjà, agbo pín sí méjì. Ẹni tó bá sì fẹ́ fìwo kan ẹnìkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹrí ba. Àgbò tẹrí ba, Òbúkọ tẹrí ba, gbì!

Ẹkùn ń wò wọ́n láti etí odò. "Ẹ káre o," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ ni mo bèèrè, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di àárọ̀ ṣúlẹ̀."