Àga Tí Tíṣà Kì Í Jókòó Sí

Ó jẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ òkèèrè. Owó ilé ló ń gbé owó oṣù rẹ̀ mì, iná àti ọkọ̀ á sì pín èyí tó kù.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́.

Gbogbo Sátidé ni tíṣà ń pe ìyá rẹ̀ lórí fídíò. Lẹ́yìn tíṣà, pálọ̀ ń dán gbinrin, àga aláwọ rèé bíi ti ọba.

"Tíṣà òkè òkun! Ẹni tó bí ọ ló bímọ. Jókòó sórí àga yẹn, kí n wò ọ́ tẹ́rùn."

"Ẹ jẹ́ n dúró, Màmá. Mo ti jókòó jù láti àárọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà, orí ìdúró lo wà."



Ohùn ìyá rẹ̀ wálẹ̀.

"Ọkọ mi, nígbà tí mò ń tọ́jú ilé onílé kí o lè kàwé, èmi náà kì í jókòó sórí àga wọn. Ilé ta lo ń tún ṣe yẹn?"

Ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ni tíṣà ń wò.

"Ilé ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní kíláàsì ni, Màmá."



"Ó dáa. Nu abẹ́ àga yẹn dáadáa. Ibẹ̀ ni àwọn onílé máa ń kọ́kọ́ wò."