Epo Kajú Tí Zoubérou Fi Dí Ojú Ọgbẹ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, nítorí ọmọ.

1.
Iṣu àti kajú ni Zoubérou ń gbìn ní Manigri. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá là nígbà ọyẹ́, epo dúdú inú èèpo kajú ló máa ń kán sí i, á sì pa dé. Àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pè é ní "Dókítà Oníkajú". Orúkọ náà dùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń kọ ebè, Balkissou ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, tẹ irin ọkọ́ kan tó ti dípẹtà. Ojú ọgbẹ́ náà ò ju èékánná lọ, àmọ́ ó jìn.

Lamatou ìyàwó rẹ̀ ní, "Baba Balkissou, ẹ jẹ́ ká fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Bassila fún abẹ́rẹ́."

"Bassila? Torí ihò tí kòkòrò ò lè wọ̀?" Zoubérou rẹ́rìn-ín. "Ta wá ni dókítà níbí?"

Kò fọ̀ ọ́. Tòun ti erùpẹ̀ inú ọgbẹ́ ló fi epo kajú dí i pa. Balkissou ké. Lọ́jọ́ kejì, ó ń tiro tẹ̀lé wọn lọ sóko, ó ń súfèé.

"Ṣé ẹ rí i?" ni bàbá wí.

2.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Balkissou bu òkèlè iyán, ó gbé e dé ẹnu, ó sì dá a padà sínú àwo.

"Màmá, ẹnu mi ò ṣí."

"Alákọrí, o fẹ́ kí n máa bẹ̀ ọ́ kó o tó jẹun!" ni bàbá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pa á lẹ́rìn-ín, ó ń họra bí ọ̀bọ tó jí iṣu. Ètè ọmọ náà fà sẹ́yìn, eyín rẹ̀ hàn.

"Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín!"

Lamatou wo ojú ọmọ. Ẹyinjú náà ò rẹ́rìn-ín. Omi ló ń dà níbẹ̀.

3.
Alùpùpù ló gbé wọn lọ sí Bassila. Bí táyà bá ti bọ́ sí kòtò, ara ọmọ náà a le gbagidi, ẹ̀yìn rẹ̀ a tẹ̀ bí ọrun.

Dókítà obìnrin tó gbà wọ́n wo ẹsẹ̀, ó wo káàdì àjẹsára. Ojú ìlà kan ṣoṣo ló ní àmì.

"Kí ló dé tí ẹ ò parí rẹ̀?"

Lamatou ló sọ̀rọ̀: "Àsìkò kajú ni. Bàbá rẹ̀ ní kajú ò ní dúró, abẹ́rẹ́ á dúró."

"Tẹ́tánọ́sì ni," ni dókítà wí. "Àrùn tó ń ti èèyàn lẹ́nu pa. Inú erùpẹ̀ ló ń gbé. Ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú ọmọ."

Wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Lọ́jọ́ kẹta, Balkissou kú.

Àwọn obìnrin tó wẹ òkú rẹ̀ ní Manigri fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ náà títí. Epo dúdú náà ò kúrò. Zoubérou ń gbọ́ ìró omi láti ìta. Ọṣẹ tí ìyá bèèrè ti dé.

Ẹ gbọ́ o. Ọgbẹ́ kékeré kì í ṣe ohun eré. Ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi epo, eérú tàbí erùpẹ̀ sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì parí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, bí nǹkan bá gún yín lẹ́sẹ̀, ẹ má fi pa mọ́.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.