Ẹtu àti Bàrà Ìyá Rẹ̀

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró sí ẹ̀yìnkùlé Ẹtu.

Bàrà olómi tí ìyá Ẹtu fi sílẹ̀ fún un ló ń gbìn síbẹ̀ lọ́dọọdún. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ nínú gbogbo igbó. Lọ́dún ọ̀dá kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló so. Ẹtu fẹ́ yọ kóró rẹ̀ fún irúgbìn, àfi bí Erin alájẹkì ṣe dé.

"Gbé e wá, kí n tó wó ọgbà yìí palẹ̀!"

Ẹtu kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ máa jẹ ẹ́. Ẹ kàn sinmi síbí títí di ọ̀la, oòrùn ti mú jù."

Erin gbé odidi bàrà mì, ó sùn. Ẹtu jókòó tì í, ó ń kọrin:

Bàrà ìyá mi,
*Rọra o!*
Ó wọ ikùn Erin,
*Rọra o!*
Má parun mọ́ mi lọ́wọ́,
*Rọra o!*

Nígbà tí Erin jí, ó yàgbẹ́ ràbàtà sáàárín ọgbà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹtu fi ewé bo ìgbẹ́ náà. Òjò rọ̀, bàrà hù níbẹ̀, ó sì so jìngbìnnì.

Gbogbo ẹranko wá tọrọ kóró. Erin náà wá. Ẹtu gé bàrà fún un, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá."