Ó-ti-parí àti Ibùsùn Keje

Àìbojúwẹ̀yìn ni àléébù ọkùnrin yìí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè, kò sì rorò sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣe iṣẹ́ kan, kò ní padà wò ó mọ́. "Ó ti parí" ni yóò wí, yóò sì nawọ́ mú òmíràn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-ti-parí nìyẹn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Bí ènìyàn ṣe ní oríṣiríṣi èdè, bẹ́ẹ̀ ni èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pọ̀, Ó-ti-parí sì gbọ́ márùn-ún nínú wọn. Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gbé wá fún un. Ilé ìwé kan á ní kó bá àwọn to orúkọ àwọn ọmọ ní ẹsẹẹsẹ. Ilé ìkówèé kan á ní kó bá àwọn yọ ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kúrò nínú àká, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí. Kí omi tó hó lórí iná, ó ti ṣe é tán. Ọ̀gá ọ́fíìsì wọn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí afẹ́fẹ́ wà.

Obìnrin kan wà nínú ọ́fíìsì náà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ àyẹ̀wò. Àǹtí Tún-un-wò ni wọ́n ń pè é.

"Àbúrò, gbé e wá kí n fojú kàn án."

"Àǹtí mi, bí mo bá ń dúró dè yín, irun orí mi á funfun."

"Kó funfun. Ó sàn ju kó jó lọ."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, Ó-ti-parí á sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láìfi hàn án.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ìyá Ó-ti-parí wú nítorí kíndìnrín, wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Ibùsùn keje ni wọ́n fún un nínú yàrá oníbùsùn méjìlá. Ilé ìwòsàn yìí kan náà ló ní kí ọ́fíìsì wọn tún àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń tẹ ìwé oògùn jáde láràárọ̀ kọ ní èdè tuntun. Orúkọ ò sí lórí ìwé náà, nọ́ńbà ibùsùn àti oògùn nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ìyá mi ń bẹ níbẹ̀," ni Ó-ti-parí wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Àwa ènìyàn, orí ení la ti ń bẹ̀rẹ̀ oǹkà. Èdè àtijọ́ náà ń kà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí òdo ni èdè tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹni àkọ́kọ́ ni òdo, ẹni kejì ni ení. Ó-ti-parí mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ni wọ́n ń lé àlejò jáde ní ilé ìwòsàn, aago mẹ́ta sì ti lù. Ó kọ nọ́ńbà ibùsùn bó ṣe wà, kò yọ ọ̀kan kúrò. Láti ìgbà náà, bí kọ̀ǹpútà bá wá ìwé ibùsùn keje, ti ìkẹjọ ló ń gbé jáde.

"Ṣé o ti tẹ ìwé kan jáde, kí o fi wé ti tẹ́lẹ̀?" ni Àǹtí bi í. "Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

"Àǹtí, ó ti parí." Ó ti ń wọ bàtà.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ wá sí ibùsùn keje.

"Nọ́ọ̀sì, wọn kì í gún mi lábẹ́rẹ́ o. Oògùn oníhóró ni tèmi."

"Ohun tí ìwé wí nìyí, Màmá. Ìwé tuntun tí ọmọ yín ṣe."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó na apá rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ọmọ mi ló ṣe é, kò lè ṣì. Ẹ gún mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gún un. Ibùsùn kejìlá, tí ìwé rẹ̀ ì bá má jáde rárá nítorí kò sí ìkẹtàlá, ṣófo nígbà náà, kò sẹ́ni tó fura. Lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n gbé aláìsàn kan síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò tẹ nǹkan kan jáde fún un. Ìgbà náà ni àṣírí tú. Orí yọ àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ líle ni abẹ́rẹ́ náà, kò wà fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò lágbára. Etí ìyá ló bá lọ.

Ó-ti-parí sáré dé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti jẹun, ọmọ mi."

"Ẹ dárí jì mí, Màmá!"

"Mo ní mo ti jẹun. Ìwọ ńkọ́?"

Dókítà ní etí náà kò ní padà bọ̀ sípò mọ́. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀.

Ọ̀gá gbé tábìlì rẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Iṣẹ́ kankan kò tún jáde láti ọwọ́ rẹ̀ àfi bí Àǹtí bá fọwọ́ sí i. Àǹtí kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Àga ló fà fún un. Ní ilé, ọkùnrin tí kì í ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀mejì wá di ẹni tó ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ṣé iṣẹ́ rẹ ti parí?" ni ìyá bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Kò tíì parí, Màmá. Mo fẹ́ tún un wò ni."

"Kí lo wí?"

Ó sún mọ́ ọn, ó sì tún un wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìmọ̀ kò tó láìsí àyẹ̀wò. Ọkùnrin yìí mọ ohun tó yẹ kó ṣe, kò kàn padà wò bóyá ó ṣe é ni. Ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà lẹ fi ń ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe ṣọ́bìrì, ẹ bojú wẹ̀yìn kí ẹ tó ní ó ti parí. Ẹni tó fọkàn tán wa jù lọ ni kì í bi wá bóyá a yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà sì ni àṣìṣe wa máa ń kọ́kọ́ bá.